Ọ̀RỌ̀ AKÁPÒ: Ìwé Ìṣirò Àtijọ́ Nínú Ilé Tuntun

  

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni a máa ń sọ lójú ewé yìí: ẹni tó san, ẹni tó kù síbẹ̀, iye tó wà ní báńkì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ewé náà kọjá. Owó ló bí ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ rere òkú sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa jáde láyé. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì ní London yìí, kò sì sí ìpàdé tí ẹ kì í bá wọn ní ìjókòó ẹ̀yìn létí ilẹ̀kùn. Gbogbo yín lẹ mọ òfin owó ìsìnkú wa. Ẹni tó bá san £5 lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá gbáko, tí kò fo oṣù kankan, ẹgbẹ́ yóò fi £2,000 ran ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Màmá, aya wọn, wá bá wa. Wọ́n ní ọkọ àwọn san tirẹ̀ pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996 títí dé òpin ọdún 2005.

Ọdún mẹ́rin ìkẹyìn kò ní wàhálà rárá. Láti 2002 ni ẹgbẹ́ ti ń kọ ìṣirò sínú ìwé orí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ló di iṣẹ́. Bàbá Akápò tó jẹ ṣáájú wa, kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún wọn, ra ètò ìṣirò owó kan ní 1995, èyí tí wọ́n ṣe fún Windows 3.1. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo owó ẹgbẹ́ sí títí di òpin 2001. Bí ẹni gbé ẹyin ni wọ́n ṣe tọ́jú kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí wọ́n kú ní 2019, ìyàwó wọn gbé e lé wa lọ́wọ́. Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ni a gbé e sí, a fi aṣọ àǹkárá kan bò ó. Bí a bá ń wá ohun àtijọ́, a ó tàn án, á kùn hùn-ùn, á sì jí. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 a tàn án, kò jí mọ́.

Ẹ ó ní, rìsíìtì ńkọ́? Mọ́kànlá péré ni Màmá rí. Omi ya wọ ilé tí wọ́n ń gbé ní 2003, ó sì ba ìyókù jẹ́. Ní ìpàdé oṣù kọkànlá, arákùnrin kan dìde, ó ní, "Ìwé la fi ń san owó. Bí kò bá sí ìwé, kò sí owó." A kò bínú sí i. Bí ó bá jẹ́ àwa la jókòó síbi tó jókòó sí, ohun tí àwa náà ì bá sọ nìyẹn, torí owó gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Màmá kò sì dákẹ́. Wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn dìde. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ karùn-ún oṣù ni ọkọ mi máa ń gbé owó yẹn lọ sílé Akápò, òjò ì báà rọ̀, yìnyín ì báà bọ́. Èmi ni mo máa ń kà á lé wọn lọ́wọ́." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ karùn-ún yẹn o. A ó padà síbẹ̀.

WINDOWS KÒ GBỌ́ WINDOWS

A gbé òkú kọ̀ǹpútà náà lọ bá àbúrò wa kan nínú ẹgbẹ́, tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó tú u, ó yọ hard disk inú rẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ. Ọpẹ́ ni pé disk náà kò kú. Apá tó ń fún ẹ̀rọ náà ní iná ló jóná. Inú wa dùn. A gbé ètò náà sórí laptop tuntun wa tó ń lo Windows 11, a tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ní ètò yìí kò lè ṣiṣẹ́ lórí òun.

Ẹnu yà wá. Ètò Windows, lórí Windows, kí ló tún kù? Àbúrò wa rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní àwọn ètò ayé Windows 3.1 jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní 16-bit. Windows tó bá jẹ́ 64-bit kì í ṣí wọn rárá, Windows 11 kò sì ní ẹ̀yà mìíràn ju 64-bit lọ. Windows 10 ní ẹ̀yà 32-bit tó ṣì lè ṣí wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Bàbá àti ọmọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ọmọ kò gbọ́ èdè tí bàbá ń sọ mọ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bímọ sílùú yìí, a kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ṣàlàyé rẹ̀, kí ó lè yé tọmọdé tàgbà. Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ètò kan wà tó jẹ́ olórí àwọn yòókù. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní operating system, àwa yóò máa pè é ní onílé. Windows jẹ́ onílé kan. macOS tó wà lórí kọ̀ǹpútà Apple jẹ́ onílé kejì. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní 1991, jẹ́ onílé kẹta. Àwọn ètò yòókù, èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà, èyí tí a fi ń ṣírò owó, èyí tí ẹ̀yin ọmọ fi ń ṣeré, ayálégbé ni gbogbo wọn.

Ayálégbé kì í fúnra rẹ̀ wọ ilé ìṣúra. Bí ó bá fẹ́ ṣí ìwé kan, á ké pe onílé, "Ẹ bá mi mú ìwé 1996 wá." Bí ó bá fẹ́ fi nǹkan hàn lójú ẹ̀rọ, onílé ni yóò bẹ̀. Bí ó bá fẹ́ tẹ ìwé jáde, tàbí ó fẹ́ mọ ọjọ́ òní, onílé náà ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé onílé kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀. Ètò tó ń sọ èdè Windows, bí ẹ bá gbé e dé ilé Linux, á máa pariwo, kò ní sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Kì í ṣe pé ètò náà kò dára, kì í sì í ṣe pé ilé náà kò dára. Èdè ni kò yé ara wọn.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ ÌYÁ ÀGBÀ FI LÈ GBÉ LONDON

Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé sí London, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èkíní, kí ìyá lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá jẹ́ ti ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni pé kí àwọn tó ṣe é jókòó tún un kọ fún onílé tuntun. Èyí ló dára jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ṣe é ló wà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ètò Bàbá Akápò ti kógbá sílé tipẹ́.

Èkejì, kí a ṣe yàrá kan lọ́ṣọ̀ọ́ sínú ilé, kí gbogbo ohun inú rẹ̀ rí bíi ti Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́lẹ́, kí ìyá máa gbé inú rẹ̀. Virtual machine ni wọ́n ń pe irú yàrá bẹ́ẹ̀. VirtualBox, tó jáde ní 2007, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ń ṣe é. Ẹ ó gbé odindi Windows àtijọ́ sínú rẹ̀, á wá dà bí kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè, ó sì ń jẹ agbára ẹ̀rọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní Windows àtijọ́ náà lọ́wọ́ pẹ̀lú àṣẹ láti lò ó. Fún ẹ̀yin tí ètò tiyín jẹ́ ti ayé DOS, ṣáájú Windows, DOSBox wà, ó ti wà láti 2002. Kò tóbi, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ-ọmọ ìyá jókòó tì wọ́n, kí ó máa ṣe ògbufọ̀. Ìyá ní omi, ọmọ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, omi dé. Ìyá kò yí padà, ìlú kò yí padà, iṣẹ́ sì ń lọ. Irú ògbufọ̀ yìí wà nínú kọ̀ǹpútà. Wine ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọtí ni a ń sọ o! Bob Amstad ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1993, kí àwọn tó ń lo Linux lè ṣí àwọn ètò Windows 3.1. Láti 1994 ni Alexandre Julliard ti ń darí rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ó tó ohun tí wọ́n lè pè ní 1.0, ní oṣù kẹfà 2008. Ọ̀fẹ́ ni, títí di òní yìí. Àwọn tó ṣe é fi orúkọ náà ṣe àpárá, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni Wine Is Not an Emulator, èyíinì ni pé Wine kì í dọ́gbọ́n ṣe bí ẹni pé òun jẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Kì í kọ́ yàrá Ògbómọ̀ṣọ́ kankan. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Bí ètò bá ti béèrè nǹkan lédè Windows, á yí i sí èdè onílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì gbé èsì padà. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í falẹ̀ púpọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan ni èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní Steam Deck, èyí tó jáde ní 2022, Linux ni onílé tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú eré tí ẹ ń gbá lórí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Windows. Proton ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ilé iṣẹ́ Valve gbé Proton jáde ní 2018, orí Wine ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Torí náà, nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ yẹn, ẹ rántí pé ẹnì kan wà láàárín tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láìsinmi.

ỌJỌ́ TÍ A ṢÍ ÌWÉ

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a pé mẹ́fà nínú gbọ̀ngàn ìpàdé: alága, akọ̀wé, àwa akápò yín, àbúrò wa oníkọ̀ǹpútà, Màmá, àti arákùnrin tó ní kò sí ìwé kò sí owó. Ọ̀dọ́bìnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tún wà níbẹ̀, ọmọ akọ̀wé wa. Kò sẹ́ni tó máa bá wọn mójú tó o nílé ni wọ́n ṣe mú un dání. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń jẹ pọ́fù-pọ́fù.

Àbúrò wa gbé laptop kan tó ń lo Linux síwájú wa. Ó ti fi Wine sí i, ó sì ti gbé ìwé Bàbá sínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ojú ẹ̀rọ ṣẹ́jú, ètò náà sì jáde bó ṣe rí ní 1995 gẹ́lẹ́, aláwọ̀ eérú, orúkọ ẹgbẹ́ wa lókè rẹ̀ bí Bàbá Akápò ṣe fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. A kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú wa. Windows tó bí i kò gbà á sílé mọ́, ilé àjèjì ló ti rí àyè.

A ṣí ojú ewé bàbá onímọ́tò. Ọdún 1996, £5 nígbà méjìlá, £60. Ọdún 1997, £60. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé 2001. Ọdún mẹ́fà, £360, kò dín kọ́bọ̀. Màmá pa àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀, àbí n kò wí?"

Arákùnrin wa tẹ̀ síwájú, ó wo ojú ẹ̀rọ náà dáadáa. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n san án." A wò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: 01/05/96, 02/05/96, 03/05/96, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 12/05/96. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún. Owó ọdún kan, inú oṣù kan ṣoṣo, ọjọ́ méjìlá tó tẹ̀léra. Ọdún 1997 náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí bẹ́ẹ̀.

Arákùnrin wa kò pariwo. Ó kàn ní, "Ta ló ń san owó báyìí? Ẹni tó jókòó lọ́jọ́ kan tó kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ nìkan ló lè kọ ọ́ báyìí." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ẹni tó ní lọ́kàn. Bàbá Akápò àti bàbá onímọ́tò, àdúgbò kan náà ni wọ́n gbé, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òkú kì í ro ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún yín, torí ojú ewé yìí kò wà fún irọ́. Àwa tí a ti fi iṣẹ́ ìṣirò owó jẹun fún ọgbọ̀n ọdún, tí a jẹ iyán nílé Bàbá Akápò láìníye, ọkàn wa ṣí. A rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó sì máa ń jẹ́ nìyẹn: ìwé ayédèrú. A wolẹ̀, a kò lè wo ojú Màmá. Fún bí ogún ìṣẹ́jú, a gba èké gbọ́ nípa ẹni tó kọ́ wa ní òtítọ́.

OHUN TÍ ỌMỌDÉ RÍ

Ọmọ akọ̀wé nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó wá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì rọra béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà yẹn ti wá ni?"

Ìyá rẹ̀ ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Alága ní kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní àwọn ní ẹbí ní Houston. Ó ní wọ́n fi káàdì ọjọ́ìbí ránṣẹ́ sáwọn lọ́dún kan, 03/04 ló wà lórí rẹ̀, àwọn sì dúró di ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin káwọn tó pè wọ́n. Ọjọ́ìbí ti kọjá láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. "Oṣù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú ọjọ́ níbẹ̀," ló wí. "Bóyá bàbá yẹn san án ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ karùn-ún oṣù! Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ ní ìpàdé!

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣirò kì í gba "bóyá". A ní kí wọ́n jẹ́ ká dán an wò. A ṣí ojú ewé tiwa fúnra wa. Ọdún 1998 ni a wọ ẹgbẹ́, lẹ́yìn tí a bá gba owó oṣù ni a máa ń san tiwa, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 01/28/98, 02/28/98, 03/28/98. Ní kàlẹ́ńdà wo ni oṣù kejìdínlọ́gbọ̀n wà? Kò sí. Oṣù ló wà níwájú, ọjọ́ ló tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Àbúrò wa wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ètò Bàbá tọ́jú ọjọ́ sínú ìwé bó ti yẹ. Kó tó fi hàn lójú ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé pé, "Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ nílùú yín?" Lórí kọ̀ǹpútà Bàbá, Windows máa ń dáhùn pé ọjọ́ ló ṣáájú, bí ará Britain. Lórí laptop yìí, Wine ló béèrè lọ́wọ́ Linux. Nígbà tí àbúrò wa sì ń to laptop náà, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tó bá níbẹ̀ ló fi sílẹ̀. Linux dáhùn bí ará Amẹ́ríkà, Wine sì gbé èsì náà fún ètò bó ṣe gbọ́ ọ. Ògbufọ̀ kò purọ́. Ó kàn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé tó bára rẹ̀. Àbúrò wa yí i sí Gẹ̀ẹ́sì Britain, ó pa ètò náà, ó tún un ṣí. 05/01/96, 05/02/96, 05/03/96, títí dé 05/12/96. Ọjọ́ karùn-ún oṣù, kò yẹ̀, bí ọkọ Màmá ṣe san án.

Arákùnrin wa kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Àwa náà dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e, torí ohun tó sọ lẹ́nu ni a ń rò nínú. Màmá ní, "Ẹ dìde, ẹ má fi aṣọ yín gbálẹ̀."

Síbẹ̀ a kò fi mọ síbẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A fi rìsíìtì mọ́kànlá tó wà lọ́wọ́ Màmá wé ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, gbogbo wọn bára mu, ọjọ́ àti owó. A wá àpapọ̀ owó ọdún 1997 àti 1999 tí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa yìí nígbà náà, ó bára mu. Ní oṣù kejìlá 2025, ẹgbẹ́ san £2,000 fún ìdílé náà.

OHUN TÍ ẸNI TÓ NÍ ÌWÉ ÀTIJỌ́ YÓÒ ṢE

Ọ̀pọ̀ yín ló ní irú ìwé yìí nílé: ìṣirò ṣọ́ọ̀bù, àkọsílẹ̀ ẹbí, lẹ́tà tí bàbá yín kọ sínú ètò tí kò ṣí mọ́. Ohun tí a kọ́ rèé.

1. Ẹ dà á kọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, ẹ má fi ojúlówó dán nǹkan wò.

2. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ibi tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ká ní ojú ewé tiwa ni a kọ́kọ́ ṣí lọ́jọ́ náà ni, ọkàn ẹnikẹ́ni kì bá tí ṣí.

3. Ẹ wo ọjọ́, ẹ wo àmì owó, ẹ wo àmì tó ya pọ́n-ùn sọ́tọ̀ kúrò lára pẹ́ńsì. Ibẹ̀ ni ògbufọ̀ ti máa ń sọ̀rọ̀ bí ará ilé tuntun.

4. Kì í ṣe gbogbo ètò ni Wine lè gbà. Èyí tó bá fẹ́ bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà láìgba ọ̀dọ̀ onílé, bí ètò tó ń pa kòkòrò kọ̀ǹpútà, kì í ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn eré kan tó ní ẹ̀ṣọ́ tó ń mú oníjìbìtì. Bí onílé yín bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà Apple tó jáde láti ìparí 2020, ọpọlọ ẹ̀rọ náà gan-an ti yàtọ̀, ògbufọ̀ kejì tí wọ́n ń pè ní Rosetta 2 ní láti bá Wine ṣiṣẹ́ pọ̀.

5. Ògbufọ̀ kì í ṣe maigádì. Kòkòrò tó ń ba Windows jẹ́ lè gba inú Wine wọlé kó ba ìwé yín jẹ́. Ẹ má ṣí ètò tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá.

6. Nígbà tí ìwé bá ti ṣí, ẹ kó ohun inú rẹ̀ jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán tí onílé èyíkéyìí lè kà. Ẹ má jẹ́ kí ògbufọ̀ di ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ fi lè mọ ohun tí bàbá yín kọ.

Àwa ti ṣe tiwa. Gbogbo ìṣirò 1995 sí 2001 la ti tẹ̀ jáde, a sì dì í ní ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ alága, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ewé tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀, kó bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Kọ̀ǹpútà Bàbá ṣì wà lábẹ́ aṣọ àǹkárá rẹ̀. A kò lè gbé e sóde.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ọmọ yín tó ń túmọ̀ lẹ́tà ìjọba fún yín, tó ń bá yín bá dókítà sọ̀rọ̀, ẹ má máa dá a lẹ́kun ní gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu. Ẹ̀yin ọmọ, bí Màmá bá ní ọjọ́ karùn-ún ni, ẹ gbà wọ́n gbọ́ títí tí ìwé yóò fi sọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá àti ìyá àgbà ọlọ́pàá ọwọ́ ni wọ́n mọ òtítọ́. Àwa tí a wà láàárín la ṣì í kà.

Owó ẹgbẹ́ ti ọdún yìí ti tó san o, £60 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ sórí ìwé owó yín bí ará London ṣe ń kọ ọ́.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.

Àwa ni tiyín,
Akápò